Ìmọ́lẹ̀ Róbótó Ẹ̀yìn Awò

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí inú sì ń bí mi sí,

Lẹ́tà yìí yóò kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu, torí ẹ kò mọ̀ pé mo mọ̀wé. Ìyàwó tíṣà tó ń gbé ní ìta wa ló kọ́ mi, nígbà tí ojú yín ti ṣú pátápátá, tí ẹ kò lè rí mi mọ́ bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú síléètì lórí itan. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo máa ń kọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣàìgbọràn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti kékeré lẹ ti sọ fún mi pé òkùnkùn kan ń sùn nínú ojú mi, pé ọjọ́ tí mo bá fi ojú ṣiṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni yóò jí. Nítorí náà, bí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan tán, mo á gbé ojú sókè wo igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn ilé, bóyá mo ṣì ń rí i. Mo ṣì ń rí i, Bàbá. Mo ń rí i títí di òní.

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Iyàrá iwájú tí wọ́n sin yín sí, èmi ni mò ń gbá a láràárọ̀, mo sì ń rọra gbá a bí ẹni tí kò fẹ́ jí yín. Àpótí yín wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn ilé, ẹnikẹ́ni kò jókòó lé e. Bí obì bá wọlé, mo ṣì ń ya èyí tó tóbi sọ́tọ̀ kí n tó rántí. Ẹ máa ń fi èékánná àtàǹpàkò la obì, ẹ óò sì wò mí bí ẹni pé iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Irú àwọn nǹkan kéékèèké báyìí ni kì í jẹ́ kí ìbínú mi dúró sójú kan. Mo á bínú títí, ikọ́ yín á sọ sí mi lọ́kàn, mo á bú sẹ́kún. Bí mo bá sunkún tán, mo á tún bẹ̀rẹ̀ ìbínú látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín. Nígbà tí àwọn àlùfáà wẹ̀ yín tán, wọ́n bọ́ okùn awọ tó wà lọ́rùn yín, wọ́n sì pè mí kí n wá gbà á, torí èmi ni àkọ́bí. Òrùka idẹ yẹn ló wà lára rẹ̀, èyí tí gbogbo agbolé mọ̀ sí oǹdè yín, oògùn tí ẹ fi ń ṣọ́ ara. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ó bá yọ síta láti inú bùbá yín, gbogbo wa á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ ikú yín ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ mú un. Ó fẹ̀ jù fún ìka ọwọ́, ó ga tó orí àtàǹpàkò, ó sì ní ìlà wínníwínní tó ń yí po nínú rẹ̀ bí ipa ekòló lórí ẹrẹ̀. Mo rò pé ọnà alágbẹ̀dẹ ni. Mo so ó mọ́ etí ìró mi, mo sì ń fọwọ́ pa á nígbàkígbà tí àárò yín bá ń sọ mí.

Ẹ mọ ìtàn awò yín jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún wa, kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń wọn ilẹ̀ tí ojú irin yóò gbà wọ Ìbàdàn, ẹ wà lára àwọn tó ń ru ẹrù wọn. Òyìnbó tí ẹ ń bá rìn ní ọ̀pá idẹ kan tó ń wọnú ara rẹ̀, tó ní dígí níwájú àti nídìí, tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ibà dá a wólẹ̀ tí wọ́n ń gbé e padà lọ sí Èkó, ó fi ọ̀pá náà ta yín lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe di Bàbá Aláwò. Ní gbogbo ìdí Òkè Màpó, ẹlòmíràn kò ní irú rẹ̀. Ẹ máa ń jókòó síwájú ilé, ẹ óò na awò sí Ọjà'ba, ẹ óò sì máa sọ ẹni tó ń bọ̀ àti ohun tó rù kó tó dé ìdí òkè. Àwọn ènìyàn á yà wá wò. Bí ẹ bá gbé e fún wọn, wọn á fi ojú lẹ̀ mọ́ ọn, òkùnkùn ni wọn á rí, àti ìmọ́lẹ̀ kan tó ń sá kiri nínú rẹ̀ bí eṣinṣin tí wọ́n ń lé. Ẹ óò rẹ́rìn-ín. Ẹ óò gbà á padà, ẹ óò kẹ̀yìn sí wọn, ẹ óò fi etí agbádá nù ún, ẹ óò ní ẹ ń bẹ awò ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹni náà bá wọ̀ yín, ẹ óò tún gbé e fún un, yóò sì ríran kedere.

Ibẹ̀ ló ti di àṣà. Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ń tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, wọn á ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Aláwò. Ọmọ tó bá ríran nínú awò, ojú rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò bá ríran, òkùnkùn wà níbẹ̀. N kò gbọ́ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí ní Bẹ́yẹrúnkà. Àwa ara ìdí òkè ló dá a sílẹ̀, a sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú wá, ẹni tí a ń pè ní Ìyá Onílẹ̀kẹ̀. Ìyá mi kò tíì pẹ́ tó kú nígbà náà. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ kò bímọ, ó fẹ́ mú ọmọbìnrin kan sọ́dọ̀, kó kọ́ ọ ní ìlẹ̀kẹ̀ sísín, kó sì fi ìdí iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Èmi ló dárúkọ. Ó ti máa ń jẹ́ kí n bá òun ṣa ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ bí a bá lọ kí i, ó sì ní ọwọ́ mi mọ ọ̀nà. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Ẹ wá ní kí a wo ojú wa ná, èmi àti Ràmọ́tù, ọmọ ìyàwó yín kékeré. Ẹ nu awò lábẹ́ agbádá, ẹ gbé e fún Ràmọ́tù, ó sì rí ọkùnrin kan tó ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu mọ́sálásí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kẹ̀yìn sí wa, ẹ tún nù ún, ẹ gbé e fún mi. Mo fi ojú mọ́ ọn. Mo wò ó títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó wù mí kí n parọ́ pé mo rí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ parọ́. Mo ní n kò rí nǹkan kan. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n yín lójú gbogbo ilé pé:

"Òkùnkùn wà lójú ọmọ yìí. Ẹ mú Ràmọ́tù lọ."

Ọwọ́ yín gbóná lórí mi. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe yín. Ẹrù tí mo ti di ni wọ́n gbé fún Ràmọ́tù, torí ilẹ̀ ti ń lọ, kò sí àyè láti di òmíràn. Aṣọ mi ló wọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí ó fi gbó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹ̀rù gbé ojú yìí kiri. Bí aṣọ mi bá ya, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń pè kó bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́. N kò ṣa ìrẹsì, n kò di irun ẹnikẹ́ni. Ẹ ra oògùn ojú fún mi lọ́wọ́ eléwé-ọmọ, omi kan tó ń ta bí ata, ẹ sì ń di orí mi mú kí wọ́n lè kán an sí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ di orí mi mú, Bàbá. Mo á máa jà, ẹ óò máa sọ pé kí n ní sùúrù, pé nítorí mi ni. Kí lẹ ń rò lọ́kàn yín nígbà yẹn?

Nígbà tí mo tó ilé ọkọ lọ, ọmọ oníṣẹ́ awọ kan láti ọ̀nà Mọ́lẹ̀tẹ rán alárinà sí wa. Ó máa ń kó bàtà wá sí Ọjà'ba, kì í sì í kí mi tán kí ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò lè sọ ọ́ fún yín nígbà náà, torí ọmọbìnrin kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń sọ ọ́ báyìí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ṣe ìwádìí bí wọ́n ti ń ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò lè tàn wọ́n jẹ, pé òkùnkùn wà lójú mi tó lè jí nígbàkígbà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n kí bàbá sọ irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ara rẹ̀. Gbogbo ìdí òkè ń yìn yín, èmi náà sì yìn yín. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé, mo bọ́jú, mo wá gbé oúnjẹ yín kalẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó wá tọrọ mi lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tó yá, ojú tiyín ló ṣú. Funfun bo ẹyinjú yín bí omi ògì, èmi ni mo wá ń mú yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé, ẹ óò ní kí n máa sọ ohun tí mò ń rí fún yín: ta ló ń gun òkè bọ̀, ṣé èéfín ọkọ̀ ojú irin ti yọ, ṣé òjò ti ń ṣú ní apá Òkè Padre. Mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kò bá mi jiyàn rí. Bí mo bá ní Bàbá báyìí ló ń bọ̀, ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kó tó wọlé. Bàbá, bí òkùnkùn bá wà lójú mi, ojú ta lẹ wá ń lò? Ẹ mọ̀ pé ojú mi mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé. Ẹ gbára lé e láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ kò sì sọ fún mi.

Bàbá Làmídì ló tú ọ̀rọ̀ náà síta, kò sì mọ̀ pé òun ń tú nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ jọ ru ẹrù òyìnbó, oko ló wà tí kò fi tètè gbọ́ ikú yín. Fìdáù ti kọjá kó tó dé. Bí ó ti ń kí mi ló rí òrùka idẹ ní etí ìró mi, ó sì bi mí ìdí tí mo fi yọ ẹnu awò kúrò lára awò. N kò mọ ohun tó ń wí. Ó gbà á, ó ní kí n gbé awò wá, ó lọ́ òrùka náà mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbà tí a ń dé ìgò, ó sì bọ́ sí i wẹ́kú. Ìlà tí mo pè ní ọnà alágbẹ̀dẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́ ọ. Okùn ọrùn yín, ìkọ́ lásán ló wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí ọwọ́ kan lè tú lábẹ́ agbádá. Ó gbé awò náà fún mi pé kí n wò ó. Mo kọ̀. Mo ní òkùnkùn wà lójú mi, pé gbogbo ayé ló mọ̀. Bàbá Làmídì wò mí títí.

"Ṣé kò kọ́ ẹ ni?" ló wí. "Òyìnbó kọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ kan náà. Bàbá ẹ ló tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n."

Ó yọ òrùka náà kúrò, ó na awò sí ojú sánmọ̀, ó gbé ìdí rẹ̀ jìnnà sí wa, ó ní kí n wò ó láti òkèèrè. Ìmọ́lẹ̀ róbótó kan wà níbẹ̀, Bàbá. Ó funfun, kò sì ju ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Kò lẹ̀ mọ́ dígí, inú afẹ́fẹ́ ló dúró sí lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Làmídì bọ́ fìlà funfun orí rẹ̀, ó fi gba ìmọ́lẹ̀ náà, ó ń sún fìlà síwá sẹ́yìn. Bí ó bá sún mọ́ dígí jù, ìmọ́lẹ̀ náà á fẹ̀, á ṣe bàìbàì. Bí ó bá jìnnà jù, bákan náà. Ibì kan ṣoṣo ló ti ń dá ṣáká, ibẹ̀ sì jìnnà sí dígí tó gíga òrùka ọrùn yín gẹ́lẹ́.

Ó ní gbogbo ohun tí awò bá kó wọlé láti iwájú, ojú ìmọ́lẹ̀ róbótó yẹn ni wọ́n ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ gbé ihò dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fi ojú lẹ̀ mọ́ dígí, tàbí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, òkùnkùn ni yóò bá pàdé, ojú rẹ̀ ì báà mọ́ bí ti àṣá. Òrùka wà níbẹ̀ kí ojú lè dúró síbi tó yẹ láìwá a. Ó tún fà á jáde síwájú sí i, ohun tó wà lọ́nà jíjìn sún mọ́ wa, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà kéré sí i, ó wá tó hóró ọkà bàbà. Mo bi í pé kí ló dé tí awò kì í ríran dáadáa nírọ̀lẹ́, torí ẹ̀yin sọ fún wa pé oorun ló ń kùn ún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ihò ojú wa a máa fẹ̀ láti wá ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ róbótó ti awò kì í bá a fẹ̀, ìyẹn ló fi ń ṣú ju bó ti yẹ lọ. Ó ní òyìnbó yẹn ní awò mìíràn fún ìrọ̀lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tóbi. Kò sí oorun kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo wá wò ó. Mo rí Ọjà'ba, mo rí obìnrin kan tó ń tún ọ̀já pọn ọmọ, mo rí àbùlẹ̀ tó wà lára ọ̀já náà. Kì í ṣe ayọ̀ ló bá mi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mọ̀ pé wọ́n ti jí ẹrù òun kó láti ọjọ́ pípẹ́, tí olè náà sì ti ń bá òun jẹun látìgbà náà. Bàbá Làmídì rò pé inú mi dùn ni mo ṣe ń sunkún. N kò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.

Ẹ dalẹ̀ mi, Bàbá. Mo ti gbìyànjú láti wá ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, n kò rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ń ríran lọ́wọ́ yín, ẹ ń lọ́ òrùka mọ́ ọn fún wọn lábẹ́ agbádá, ó wá di orí ọmọ yín, ẹ yọ ọ́. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ ń wá ẹni tí yóò dúró tì yín, ẹ rí i pé ẹsẹ̀ mi ti ń yọ síta. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ká ní ẹ sọ pé kí n má lọ, pé ilé yóò ṣófo fún yín, n kì bá tí lọ. Ǹ bá sunkún díẹ̀, ǹ bá sì tú ẹrù mi. Ìfẹ́ yín ì bá dá mi dúró. Kí lẹ tún ń fi ẹ̀rù dè mí mọ́lẹ̀ fún?

Mo fi han Súlè àbúrò mi, torí ọ̀rọ̀ náà wúwo jù fún èmi nìkan. Ẹnu yà á, ṣùgbọ́n inú kò bí i. Ó bẹ̀ mí pé kí n bò ó, pé orúkọ yín ni orúkọ gbogbo wa, pé bí ìdí òkè bá gbọ́, gbogbo ìyàwó tí awò lé padà àti gbogbo ọmọ tí awò yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni wọn yóò máa bi wá léèrè. Mo gbà fún un. Kí ẹ mọ̀ pé mo pa ẹnu mọ́ nítorí yín. Súlè jókòó sí ipò yín, òun ló di Aláwò, òrùka sì wà lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ràmọ́tù ránṣẹ́ sí wa. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ti kú, Ràmọ́tù ló wà nídìí iṣẹ́, ó sì fẹ́ kí Ṣìfáwù, ọmọ Súlè, wá máa kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sísín lọ́dọ̀ òun. Wọn kò tíì jíṣẹ́ tán tí Ṣìfáwù fi ń di ẹrù. Súlè kò fẹ́ kó lọ, torí ìyàwó rẹ̀ ń bímọ léra wọn, ọmọ yìí ló sì ń bá a gbé wọn pọ̀n. Dípò kó sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí a kọ́kọ́ fi awò wo ojú rẹ̀. Ó pe àwọn àgbà ilé jọ síwájú ilé, ó gbé awò jáde. Ó wò mí lójú, kò sì bèèrè òrùka. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀yin gan-an ni mo rí lójú rẹ̀.

Ṣìfáwù fi ojú mọ́ dígí bí mo ti ṣe é. Ó wò ó títí, ó sì sọ òtítọ́ pé òkùnkùn lòun ń rí. Súlè la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí òrùka ní etí ìró, ṣùgbọ́n n kò tú u. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ náà kò tilẹ̀ nílò rẹ̀.

"Fa ojú ẹ sẹ́yìn," ni mo wí fún un. "Sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ṣó o rí ìmọ́lẹ̀ róbótó yẹn? Rọra gbé ojú ẹ lé e."

Ó fà sẹ́yìn. Mo fi èjìká mi gbé awò ró fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń rí fún wa: ewúrẹ́ lórí òkìtì, aṣọ tí wọ́n sá, ọkùnrin kan tó ń yán. Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Mo wá tú òrùka náà, mo lọ́ ọ mọ́ awò lójú wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí oǹdè dé orí agbádá. Súlè jókòó sílẹ̀, kò lè wò mí. Bàbá kan tó ti kọ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ nítorí awò yín dìde, ó bọ́ sọ́nà láìkí ẹnikẹ́ni. Orúkọ yín bàjẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bi yín. Ẹ mọ ògiri ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹ máa ń gbé awò lé lọ́sàn-án kí ojú yín tó ṣú, tí ẹ máa ń lé wa kúrò níbẹ̀. Awò ti họ amọ̀ ògiri náà títí ó fi di kòtò tó bá a mu. Nígbà tí àwọn àgbà tú ká, mo gbé awò lọ síbẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú kòtò náà, n kò yí i sọ́tùn-ún, n kò yí i sósì. Mo rò pé ọ̀nà tí ẹ bá òyìnbó tọ̀ lẹ máa ń wò. Mo gbé ojú lé ìmọ́lẹ̀ náà. Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ni. Mo rí ẹní tí wọ́n tẹ́, mo rí igbá ìlẹ̀kẹ̀, mo rí àwọn ọmọbìnrin tó tẹrí ba sórí iṣẹ́, àti Ràmọ́tù tó ń fi eyín já òwú.

Ibẹ̀ lẹ ń wò ní gbogbo ọ̀sán wọ̀nyẹn. Kí lẹ ń wá níbẹ̀, Bàbá? Ṣé Ràmọ́tù lẹ ń wò, tàbí èmi tí kò sí níbẹ̀? Ṣé ó ń dùn yín? Bí ó bá ń dùn yín, kí ló dé tí ẹ kò yíjú padà kí ẹ pè mí? Ohùn yín lè dé ọ̀dọ̀ mi. Ìdí ààrò ni mo wà, mò ń se oúnjẹ yín.

Nígbà tí Ṣìfáwù ń lọ, mo di ẹrù tèmi náà, mo sì bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. N kò mọ ohun tí mo máa sọ fún Ràmọ́tù bí mo bá débẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Ó wo ẹrù orí mi, ó sún kúrò lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Aṣọ yín ni mo gbé wá síbí, mo jẹ yín ní gbèsè iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ tiyín."

Ọwọ́ mi kò yá bí ti àwọn ọmọdé. Ìka mi ti le, ìlẹ̀kẹ̀ ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bí Ràmọ́tù bá kẹ̀yìn. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ọ̀ ni mò ń wá sílé láti gbá iyàrá yín, Súlè sì ti ń kí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń wò bó bá ń kí mi. Mo ti lọ́ òrùka mọ́ awò, mo sì ti ní kí wọ́n má yọ ọ́ mọ́. Inú kòtò ògiri yín ló wà. Ẹni tó bá wù ló ń wò ó.

Bí ibi tí ẹ wà bá fàyè gba ènìyàn láti yọjú wo ẹ̀yìn, ẹ wá jókòó lórí àpótí yín lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ tó máa ṣú. Ẹ má fi ojú lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ wá ìmọ́lẹ̀ náà. Àwọn ọmọdé ló pọ̀ lórí ẹní, ṣùgbọ́n obìnrin kan wà láàárín wọn tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, tó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, tí kò pe ẹnikẹ́ni. Èmi nìyẹn, Bàbá.

Ẹ sùn re. Inú ṣì ń bí mi, mo sì ń fẹ́ràn yín síbẹ̀.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí ojú rẹ̀ mọ́.